Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo

Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo jẹ́ igbó mímọ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn ìlú Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Odò Ọ̀ṣun ni ó la inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, hẹ́kítà 47 mìíràn sì yí i ká gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ààbò. Àwọn olùsìn gbà pé inú odò yìí ni Ọ̀ṣun ń gbé, òrìṣà omi tútù, ọmọ bíbí, ẹwà àti ìwòsàn. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà sínú ìwé Ogún Àgbáyé. Òun ni ìkejì tí Nàìjíríà ní nínú ìwé náà, lẹ́yìn Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, tí a kọ sílẹ̀ ní ọdún 1999.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú Yorùbá tí kò ní igbó òrìṣà tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti di oko, ọjà, ilé ìwé àti àdúgbò. Nínú àwọn mìíràn, igi díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì ni ó kù. Igbó Òṣogbo ni ó tóbi jù lọ nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù tí a sì ń bọ títí di òní. Kì í ṣe agbára kan ṣoṣo ni ó pa á mọ́. Èèwọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣọ́ ọ; nígbà tí èèwọ̀ rọ, iṣẹ́ ọnà ni ó gbà á sílẹ̀; lẹ́yìn náà ni òfin ìjọba fi ọgbà yí i ká. Ilẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáàbò bò. Ewu tó dojú kọ ọ́ nísinsìnyí kò gba orí ilẹ̀ wá, inú omi ni ó ń bá ṣàn wọlé.

Orúkọ àti ìtàn ìtẹ̀dó

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Òṣogbo sọ pé ọ̀dá omi ni ó lé àwọn tó tẹ ìlú náà dó kúrò ní Ìpólé Òmu ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láróòyè ni olórí wọn, Tìmẹ́hìn, tí ó jẹ́ ọdẹ ńlá, sì ni ó ṣáájú wá omi lọ. Nígbà tí wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, inú wọn dùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó láti kọ́lé síbẹ̀. Igi ńlá kan tí wọ́n gé wó lu omi, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ odò wá pé wọ́n ti fọ́ àwọn ìkòkò aró òun. Ohùn náà pè wọ́n ní oṣó inú igbó. Láti inú ìpè yìí ni àwọn ará ìlú ti ń fa orúkọ Òṣogbo yọ, pé oṣó àti igbó ni a so pọ̀. Ohùn tí a fi ń pe orúkọ ìlú náà lónìí kò bá ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí mu dáadáa, nítorí náà ó sàn kí a gba ìtumọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí apá kan ìtàn ìlú ju kí a gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí gírámà lọ.

Láróòyè àti Ọ̀ṣun mulẹ̀ lẹ́yìn èyí. Òrìṣà yóò dáàbò bo àwọn ènìyàn náà, yóò sì fún wọn ní ọmọ. Àwọn náà yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, wọn yóò sì fi odò àti igbó rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Omi máa ń kún dé ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́lé sí, nítorí náà wọ́n gbéra lọ sí orí ilẹ̀ gíga, níbi tí àárín ìlú wà títí di òní. Ìtàn náà tún sọ pé nígbà tí ọba rúbọ tán lórí òkúta ní bèbè odò, ẹja ńlá kan jáde wá, ọba sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ibẹ̀ ni oyè ọba Òṣogbo ti wá: a-tẹ́wọ́-gba-ẹja, tí ó di Àtáọ́ja.

Bí a bá wo ìtàn yìí dáadáa, ìpín ilẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Òkè jẹ́ ti ènìyàn, ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Ọ̀ṣun. A kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dọdẹ, a kò sì gbọdọ̀ pẹja. Àwọn èèwọ̀ mẹ́ta yìí ni ìdí tí igbó fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú tó ń dàgbà sí i lójoojúmọ́.

Ìtàn mìíràn tí ará Òṣogbo kì í gbàgbé ni ti ogun tó wáyé ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin níbẹ̀. Àwọn òpìtàn ka ìṣẹ́gun náà sí ibi tí ogun Ìlọrin ti dúró nínú ìrìn rẹ̀ sí ìhà gúúsù. Ní Òṣogbo, a ń sọ pẹ̀lú pé Ọ̀ṣun pa ara rẹ̀ dà di obìnrin tó ń ta oúnjẹ, ó sì ta oúnjẹ onímájèlé fún àwọn ọ̀tá. Ìtàn ìlú kò rí ìjà láàárín méjèèjì.

Inú igbó náà

Irúfẹ́ ewéko tí ó wà nínú igbó yìí lé ní 400, èyí tí a sì mọ̀ pé a ń lò fún oògùn nínú wọn lé ní 200. Ọ̀bọ ń fò láti orí igi kan sí èkejì láìbẹ̀rù ènìyàn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń ta wọ́n níbọn. Ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà tí a gbé kalẹ̀ fún Ọ̀ṣun àti àwọn òrìṣà mìíràn tó 40. Ààfin àtijọ́ méjì wà níbẹ̀, ibi ìbọ mẹ́sàn-án sì tò lọ ní bèbè odò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwòrò tàbí ìyálórìṣà tirẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ojúbọ tí ó wà ní ààfin àkọ́kọ́, lẹ́bàá òkúta tí a sọ pé Láróòyè jókòó lé.

Kò yẹ kí a fi igbó yìí wé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí ọgbà yí ká. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ni a kọ́ kí ènìyàn lè pàdé Ọlọ́run nínú rẹ̀. Bí ilé náà bá wó, a lè kọ́ òmíràn sí ibòmíràn. Ní Òṣogbo, omi tí ó ń ṣàn lọ yẹn gan-an ni a ń pè ní Ọ̀ṣun. Olùsìn ń mu ún, ó ń fi í wẹ ọmọ, ó ń bù ú lọ sílé fún aláìsàn. Ewé tí a fi ń ṣe àgbo, inú igbó kan náà ni a ti ń já a. Bí igi bá tán, ìmọ̀ nípa ewé yóò tẹ̀ lé e. Bí omi bá sì bàjẹ́, kò sí ilé mìíràn tí a lè kó òrìṣà lọ.

Àkókò tí èèwọ̀ rọ

Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ìlú náà sì di ibùdó òwò ńlá. Àwọn oníṣòwò, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ dé láti ibi púpọ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì gbilẹ̀, iye àwọn tí ń bọ Ọ̀ṣun sì ń dín kù láti ìran dé ìran. Ní àsìkò ìjọba amúnisìn, ẹ̀ka tí ń mójútó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan nínú ilẹ̀ náà, wọ́n sì gbin igi tíìkì síbẹ̀.

Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ àwòrò ti fi igbó sílẹ̀, ikán sì ti ń jẹ ojúbọ. Àwọn ènìyàn ń pẹja nínú odò, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n sì ń gé igi. Èèwọ̀ kò ní ọlọ́pàá. Ohun tí ó ń gbé e ró ni ìbẹ̀rù òrìṣà, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà àti ìtìjú láàárín ará ilé. Ẹni tí kò bá sì pín nínú ìgbàgbọ́ náà mọ́ kò rí ìdí tí òun kò fi lè gé igi tí ó dára tí ó dúró lásán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igbó òrìṣà ní ìlú mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo náà.

Àdùnní Olórìṣà àti iṣẹ́ ọnà mímọ́ tuntun

Susanne Wenger, tí a bí ní ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ní ọdún 1915, kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Vienna. Ó bá Ulli Beier, ọkọ rẹ̀, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, nígbà tí Beier gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó dé, ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé e dè fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn tí ó gbádùn, ó lọ gbé ní Ẹdẹ, ó sì bá Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, pàdé níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti gba ìmọ̀ òrìṣà, tí ó sì di olórìṣà. Ó tún gbé ní Ìlobùú kí ó tó fi Òṣogbo ṣe ibùgbé. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Àdùnní, orúkọ tí a sì fi mọ̀ ọ́n títí ó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93, ni Àdùnní Olórìṣà.

Àtúnṣe ojúbọ tí ikán ti jẹ ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó fi bẹ̀rẹ̀. Àtáọ́ja ìgbà náà, Ọba Samuel Adéléye Adénlé Kìíní, ṣe àtìlẹ́yìn fún un. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni wọ́n jọ ṣe é: Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà kí ó tó di agbẹ́gilére sìmẹ́ǹtì, Búráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, tí ó ń gbẹ́ òkúta, Kásálì Àkàngbé, tí ó ń gbẹ́ igi, àti àwọn mìíràn. Láti inú àtúnṣe, wọ́n bọ́ sínú gbígbé ère tuntun kalẹ̀, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ga ju ilé lọ. Ère Ìyá Mọ̀ọ́pó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, wà lára àwọn tí a mọ̀ jù. Ẹgbẹ́ yìí ni a ń pè ní Ẹgbẹ́ Iṣẹ́ Ọnà Mímọ́ Tuntun. Kò yẹ kí a pa á pọ̀ mọ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo tí ó jáde láti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Mbari Mbayo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, bí Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami. Àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ fún ọjà àti gbọ̀ngàn ìpàtẹ. Ojúbọ ni àwọn ti inú igbó ń ṣiṣẹ́ fún.

Ọ̀pọ̀ àlejò tí ó bá kọ́kọ́ rí àwọn ère náà máa ń rò pé láti ayébáyé ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kéré lọ́jọ́ orí ju òmìnira Nàìjíríà lọ, sìmẹ́ǹtì, irin àti amọ̀ sì ni a fi mọ wọ́n. Ìrísí wọn kò jọ ère Yorùbá àtijọ́, ọwọ́ tó gùn, ojú tó tóbi, ara tó ń yí bí gbòǹgbò igi. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń bèèrè bóyá ti Yorùbá ni iṣẹ́ náà rárá, tàbí ti obìnrin ará Austria kan. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ó fojú fo ohun tí ère náà ṣe. Ẹni tí kò bẹ̀rù Ọ̀ṣun mọ́ kò lè sọ pé òun kò rí ère tí ó ga bí ilé alájà. Ibi tí a bá gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ sí kì í ṣe ilẹ̀ lásán mọ́. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ kò lè sọ pé kò ní olówó. Ohun èlò ìgbàlódé, èyí tí àwọn ará ìlú fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ni ó dúró bí ẹ̀ṣọ́ fún ẹ̀sìn àtijọ́.

Sìmẹ́ǹtì náà kò wà títí láé. Òjò ń wọ inú rẹ̀, irin inú rẹ̀ ń dípẹtà, amọ̀ sì ń ṣán. Àwọn tí ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ pinnu bí wọn yóò ṣe tún ère ṣe láì sọ ọ́ di ère mìíràn, èyí sì le ju bí ó ti rí lọ níbi tí ẹni tó gbẹ́ ère kò sí láyé mọ́.

Òfin àti Ogún Àgbáyé

Ní ọdún 1965, ìjọba Nàìjíríà kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, a mú ìkéde náà gbòòrò láti kó gbogbo hẹ́kítà 75 pọ̀. Ní ọdún 2005, nígbà ìpàdé ìgbìmọ̀ Ogún Àgbáyé ní Durban ní orílẹ̀-èdè South Africa, a gba igbó náà wọlé. Ìdí mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà tọ́ka sí: iṣẹ́ ọnà tuntun tó jáde láti inú ìpàdé èrò Yorùbá àti ti òkèèrè, ipò igbó náà gẹ́gẹ́ bí èyí tó tóbi jù tó ṣẹ́kù nínú àwọn igbó mímọ́ tó ti wọ́pọ̀ rí, àti bí ó ṣe jẹ́ àpẹẹrẹ tó hàn gbangba ti èrò Yorùbá nípa ayé, òrìṣà àti ènìyàn.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ tí ó wà lórí igbó ju ọ̀kan lọ. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí ni ó ń ṣe àbójútó rẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ibi ìrìn-àjò afẹ́. Àtáọ́ja ni olùtọ́jú ìmùlẹ̀. Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò Ọ̀ṣun ni wọ́n ń ṣe ìsìn. Ẹni tó wá wòran ń san owó ìwọlé ní ẹnu ọ̀nà kan náà tí olùsìn ń gbà wọlé, báńkì àti ilé iṣẹ́ fóònù sì máa ń ta àsíá wọn sí ojú ọ̀nà nígbà ọdún. Àwọn kan rí èyí bí àbùkù. Ó dájú pé owó àti ojú àgbáyé ti jẹ́ kí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ta ilẹ̀ igbó náà.

Ọdún Ọ̀ṣun

Oṣù kẹjọ ni a ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun, ó sì ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ́pópó ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ń fọ ojú ọ̀nà ìlú mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún ní alẹ́, tí ọba àti àwọn ènìyàn ń jó yí i ká. Nígbà Ìbọríadé, a ń kó adé àwọn Àtáọ́ja tó ti wàjà jọ, a sì ń bọ orí wọn.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ti Arugbá. Wúńdíá kan láti ìdílé ọba ni ó ń ru igbá tí a fi aṣọ bò, tí ohun ìrúbọ gbogbo ìlú wà nínú rẹ̀, láti ààfin dé ojúbọ ní bèbè odò. Kì í sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà, a kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ. Èrò tó yí i ká pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alátìlẹ́yìn fi ń di apá rẹ̀ mú, bí ó ṣe ń lọ ni àwọn ènìyàn sì ń gbàdúrà, tí wọ́n ń fi ìṣòro wọn lé igbá náà lórí. Túndé Kèlání sọ ipò yìí di fíìmù, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Arugbá, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ti jẹ́ ẹni tí a yàn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé Arugbá kì í ṣe olórìṣà. Mùsùlùmí pọ̀ ní Òṣogbo, Kìrìsìtẹ́nì náà sì pọ̀. Orúkọ àwọn ọba gan-an fi èyí hàn: Samuel ni orúkọ Ọba Adénlé, Jimoh sì ni ti Ọba Oyètúnjí Ọláníp̣ẹ̀kun, Láróòyè Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 2010. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá di Àtáọ́ja ni yóò jókòó lórí òkúta Láróòyè ní ọjọ́ ọdún, nítorí pé oyè náà ni ó mulẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣun, kì í ṣe ẹni tó jẹ ẹ́. Àwọn ará ìlú tí kò bọ òrìṣà ń pè é ní ọdún ìlú, wọ́n sì ń jáde. Àwọn oníwàásù kan ní ẹ̀sìn méjèèjì ń kìlọ̀ fún ọmọ ìjọ wọn kí wọ́n má ṣe lọ. Nínú ilé kan náà, a lè rí ẹni tó lọ, ẹni tó kọ̀, àti ẹni tó ní kí wọ́n bá òun bu omi bọ̀.

Ní ọdún 2020, nítorí àrùn kòrónà, àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó ṣe ètùtù náà láìsí èrò.

Ọ̀ṣun ní òkè òkun

Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé Ọ̀ṣun kọjá òkun. Ní Brazil, Oxum ni a ń pè é, a sì ń bọ ọ́ nínú àwọn ilé Candomblé. Ní Cuba, Ochún ni, níbi tí a ti so ó pọ̀ mọ́ Màríà tí a ń bọ ní El Cobre. Àwọn olùsìn láti ilẹ̀ wọ̀nyí àti láti Amẹ́ríkà ń wá sí Òṣogbo nígbà ọdún. Odò mìíràn ni àwọn baba ńlá wọn fi rọ́pò èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyí tí bíbu omi láti orísun náà fi ṣe pàtàkì fún wọn.

Ìdọ̀tí omi

Ìgèdè-Èkìtì ni a sọ pé odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo, lẹ́yìn náà ni ó dorí kọ ìhà gúúsù títí dé ọ̀sà. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Láti àwọn ọdún 2010 lọ, iye àwọn tí ń wa wúrà ní agbègbè Iléṣà àti Àtakúmọ̀sà pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba àṣẹ. Inú àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn wọnú Ọ̀ṣun ni wọ́n ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀. Omi tí a mọ̀ sí omi tútù wá pọ́n bí omi ẹrẹ̀.

Àwọ̀ rẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Àwọn awakùsà kéékèèké máa ń da mákúrì sí iyẹ̀pẹ̀ kí ó lè so mọ́ wúrà, wọ́n á sì fi iná yọ mákúrì náà lẹ́yìn èyí. Apá kan ń bá èéfín lọ, apá kan ń bọ́ sínú omi. Bí a ṣe ń tú ilẹ̀ náà tún ń gbé òjé àti àwọn irin líle mìíràn jáde. Àyẹ̀wò tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ìlú ṣe sí omi náà rí mákúrì àti òjé nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí ara lè gbà lọ. Síse omi lórí iná kì í mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò. Mákúrì ń kó jọ sínú ara ẹja, ó sì ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́. Òun àti òjé a máa wọ inú oyún, ọmọ inú ni wọ́n sì ń ṣe ní ibi jù. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ló pọ̀ nínú àwọn tí ń mu omi Ọ̀ṣun.

Ní ọdún 2022, kí ọjọ́ ọdún tó pé, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Lójú oníṣègùn, ìkìlọ̀ tó yẹ ni. Lójú olùsìn, ó dà bí kí a sọ pé kí ó bọ òrìṣà ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fara kàn án. Àwọn kan dáhùn pé Ọ̀ṣun kò lè pa ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn, tí àwòrò wà nínú wọn, bínú sí àwọn awakùsà ju sí ìjọba tó kìlọ̀ lọ. Lójú tiwọn, fífọ́ ìkòkò aró ni ó tún ṣẹlẹ̀, àwọn tó fọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí kò sì dúró gbọ́ ohùn kankan.

Èèwọ̀ Òṣogbo kò dé Àtakúmọ̀sà, ère sìmẹ́ǹtì kò sì lè dá omi dúró. Àṣẹ àjọ tó ń ṣọ́ ibi ìrántí parí sí ibi tí ilẹ̀ ààbò parí sí. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀, òun ni ó sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, Àtáọ́ja kò sì ní in. Ìwé Ogún Àgbáyé ka bèbè odò tó wà nínú igbó mọ́ ohun tí a ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n odò náà ti rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó débẹ̀. Ìjọba ti mú àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kan, ó sì ti lé àwọn mìíràn kúrò. Nígbà tí wọ́n bá kúrò ní etí odò kékeré kan, òmíràn ni wọ́n máa ń lọ.

Ọdún Ọ̀ṣun wáyé ní ọdún tí ìkìlọ̀ náà jáde. Arugbá gbé igbá rẹ̀ dé ojúbọ, ọba jókòó lórí òkúta, a sì da ẹbọ sínú omi. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí bèbè pẹ̀lú ike àti kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n sì pọn omi pupa náà lọ sílé.